Orúkọ Tí Mi Ò Fi Sílẹ̀ ní Greenspoint

Òórùn kọfí tó ti jóná díẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé bàbá tí mo ń tọ́jú ní Humble, lẹ́bàá Houston. Mi ò tíì pé ọdún méjì ní Houston nígbà yẹn. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe: mo ń wẹ̀ fún bàbá náà, òyìnbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo ń fún wọn lóògùn, mo sì ń se oúnjẹ wọn. Tíṣà ni mí ní Nàìjíríà, nítorí náà iṣẹ́ ọ̀hún ń dùn mí nínú, bí mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Alief mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan fẹ́ ra hòtẹ́ẹ̀lì ní Greenspoint, àdúgbò kan ní Houston, kí n wá jẹ́ máníjà.

"Kí ni mo mọ̀ nípa hòtẹ́ẹ̀lì, sà?"

"O ò ní ṣe nǹkan kan. Green card rẹ ti jáde, ọlọ́pàá ò mú ẹ rí. Ìwọ ṣáà buwọ́ lùwé."

A lọ wo ibẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kún yàrá kan nísàlẹ̀, ọkùnrin gìrìpá kan sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ní eré lásán ni fún àwọn àlejò. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí ó wù mí láti gbà wọ́n gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ra kóòtù aláwọ̀ búlúù, mo sì ń fi ẹ̀yìn àpò ìwé àtijọ́ kan kọ́ bí máníjà ṣe máa ń buwọ́ lùwé.

Ibi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n bàbá ni mo ti ròyìn fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé abẹ sílẹ̀.

"Kí ló dé tí àwọn tó ni ín ò lo orúkọ tiwọn?"

Mo gbé abẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi.

"Akọ̀wé ni mí ní Las Vegas nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́," ni bàbá wí. "Ẹgbẹ́ ọ̀daràn láti ìlú ńlá kan ló fowó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì onítẹ́tẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ti pààyàn rí, ìjọba ò lè fún wọn níwèé àṣẹ. Ni wọ́n bá wá ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi mí ṣe máníjà. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì tó ní fèrèsé ńlá, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń kówó tẹ́tẹ́ pa mọ́ fún àwọn ọ̀gá wọn. Nígbà tí àṣírí tú, tí ìjọba dé, orúkọ tèmi nìkan ló wà lórí ìwé. Mo ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Inú ẹ̀wọ̀n ni mo wà tí ọmọ mi obìnrin fi kọ́ ìrìn."

"Ẹ ò sì dárúkọ wọn fún adájọ́?"

"Mo mọ ẹni tó dárúkọ wọn. Wọn ò rí òkú rẹ̀."

Mo mú abẹ, mo fá irùngbọ̀n tó kù. Nílé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. "Ẹ pe ẹ̀gbọ́n báyìí, kí n máa gbọ́."

Mo pè wọ́n, mo ní mi ò ní buwọ́ lùwé kankan. Ẹ̀gbọ́n bínú gan-an. Wọ́n ní ìdí òyìnbó ni màá máa nù títí màá fi darúgbó. Fún oṣù púpọ̀, wọn ò dáhùn ìkíni mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá mo ti ba ire ara mi jẹ́.

Kí ọdún tó parí, ọlọ́pàá ya wọ hòtẹ́ẹ̀lì náà nítorí àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ọ̀hún. Wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de máníjà tí wọ́n fi rọ́pò mi, ẹ̀gbọ́n sì ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Nígbà tí mo gbọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo sáré lọ sọ fún bàbá, mo rò pé inú wọn á dùn.

"Ta ló buwọ́ lùwé?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ọkùnrin kan ni."

"Ṣé ó bímọ?"

Mi ò mọ ìyẹn náà.

Bàbá ti jáde láyé. Èmi ti di nọ́ọ̀sì ní ọsibítù, àwọn ọmọ mi sì ti wọ yunifásítì. Bí mo bá ń wa mọ́tò kọjá Greenspoint lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ara mi máa ń fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá rántí ọkùnrin tó jókòó sí àga tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi, ojú á sì tì mí díẹ̀ pé ara mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.