Ìgò Gánẹ́ẹ̀tì Tí Màámi Dà Nù

Ọjọ́ tí èmi àti bàbá mi ti ìrìn àjò dé sílé wa ní ìlú Bowie, lókè òkun, kò lè kúrò lọ́kàn mi. A ti lọ gun òkè ayọnáyèéfín kan tí iná rẹ̀ ti kú tipẹ́, a sì ṣa gánẹ́ẹ̀tì, òkúta pupa bí wérénjéjé, kún ìgò kan. Bàbá mi, tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè fún mi, ń rẹ́rìn-ín lórí òkè náà bí ọmọdé.

Bí Màámi ṣe rí ìgò náà ni wọ́n figbe ta: "Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń bọ lórí òkè yẹn?" Wọ́n da òróró àdúrà sí i, wọ́n dà á sẹ́yìn ọkọ̀ akólẹ̀ tó ń kọjá lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Mo ní, "Dádì, ẹ sọ̀rọ̀!"

Bàbá mi wolẹ̀, wọ́n ní, "Ṣe àmín, ọmọ mi."

Mo ṣe é. Àmín yẹn ṣì ń korò lẹ́nu mi.