Eérú Lórí Òkìtì Ajílẹ̀

Ìlú Ìyàrá ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Kàbà ni a ń gbé. Lẹ́yìn ilé wa níbẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń sin ewúrẹ́ mẹ́fà. Á kó ìgbẹ́ wọn àti koríko tí wọ́n tọ̀ sí jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó bá ti jẹrà, á kó o sídìí tẹ̀tẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ máa ń dúdú minimini.

Nígbà tí ajílẹ̀ inú àpò gbówó lórí, àwọn obìnrin ìjọ wa wá kọ́ bó ṣe ń ṣe tirẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn kò pè mí sí i. Bó ti bu eérú da sórí ìgbẹ́ tútù ni mo dìde. Mo ní kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, pé ohun tó ń ta wọ́n nímú yẹn, náítírójìn ni, oúnjẹ tó ń mú kí ewé dúdú, eérú ló sì ń lé e lọ. Mo ní ọmọ kíláàsì kejì mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìyá Eérú, ṣé ojú ọ̀run lò ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà ti sọ̀rọ̀.”

Ìyá Eérú ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú. Kò kó ìgbẹ́ jọ mọ́. Lọ́dún yẹn, àwọn ewé ìsàlẹ̀ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Mo mọ ohun tí kò tó wọn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró tì mí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A ń gbá ilé ewúrẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo bi í léèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ àṣà eérú yẹn.

Ó wò mí. “Bọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní òórùn ewúrẹ́ ń bá yín wọ ilé-ìwé?”

Mo rántí. Mo ti ilé-ìwé dé lọ́jọ́ kan, mo fọwọ́ dí imú, mo ní àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi yóò rò pé inú ilé ewúrẹ́ ni mo ń sùn. Láti ọjọ́ kejì ni eérú ti dé orí òkìtì náà. Nígbà tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, kò dárúkọ mi.

Òótọ́ ni ohun tí mo kọ́ wọn. Ewé gbígbẹ ni ì bá ti fi bò ó: á dín òórùn kù, á sì dá oúnjẹ náà dúró títí àwọn ohun kéékèèké inú ilẹ̀, tí ojú kò lè rí, yóò fi sọ ọ́ di ohun tí gbòǹgbò lè mu. Mo mọ èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òórùn nìkan ni mo bá a sọ.

Èmi ni mo ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ jọ báyìí, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin tó kọ́kọ́ pe ìyàwó mi ní Ìyá Eérú wá tọrọ ajílẹ̀. Ó kí mi bí a ti ń kíra wa ní Kàbà, “Okun o, Bàbá. Òkìtì Ìyá Eérú ò tíì parẹ́.”

Mo gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. “Nítorí mi ló ṣe ń da eérú sí i. Èmi ni mo ní ó ń rùn.”

Ó la ẹnu àpò rẹ̀, mo bù ú kún un. Nígbà tó gbé e lérí, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá,” bí ẹni pé òní ni mo sin ín.