Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Ní Ó Ti Bàjẹ́

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń ṣáájú wọn wọlé. Kí oníbàárà tó kí mi tán, òórùn ìdí àpótí á ti gba gbogbo pálọ̀ wa ní Conyers, ní Amẹ́ríkà níbí, ìyàwó mi á sì ti máa ṣí fèrèsé. Mo rántí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ gbígbé fọ́tò àti fídíò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn ènìyàn wa. Ẹrù ni mò ń gbé ní Forest Park nígbà náà, ẹ̀yìn ń ro mí, mo ní kí n wá iṣẹ́ àjókòóṣe. Mo ra ẹ̀rọ fídíò àlòkù lọ́wọ́ aládùúgbò mi kan tó jẹ́ òyìnbó, mo gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, mo sì kéde ara mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ojú mi rí màbo. Ẹnì kan gbé fọ́tò ìgbéyàwó wá, ó ní kí n yọ àbúrò ọkọ òun kúrò nínú ẹ̀ nítorí àwọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Òmíràn fẹ́ kí n wọ bàtà fún bàbá rẹ̀ tó fẹsẹ̀ lásán dúró níwájú ilé. Díákónì kan gbé odidi Ghana-must-go wá lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Sunday: "Ṣebí bọ́tìnnì lásán lo máa tẹ̀!" Bọ́tìnnì lásán! Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbọn ẹyin aáyán kúrò lára fọ́tò wọn. Ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n, àwọn òbí mi sì kọ́ mi nílé. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá. Ìgbà yẹn ni opó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, mú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wá, tí wọ́n fi ìborùn wé. Ìbàdàn ni wọ́n ti ya fídíò náà, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọbìnrin wọn. Ọkọ wọn tó ti kú ló ń gbàdúrà nínú ẹ̀.

"Fọ́tò wọn pọ̀ lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ohùn wọn ni mi ò ní. My daughter ti fẹ́ bímọ báyìí, I want her to hear bí daddy ẹ̀ ṣe pe orúkọ ẹ̀."

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. Ìlà dúdú àti funfun ló ń sáré kọjá, ariwo kan sì ń dún wíríwírí bí ìgbà tí ẹyẹ ń jà. Mo mi orí bíi dókítà.

"Ẹ má bínú, Mummy. Ó ti bàjẹ́. It's gone."

N kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n tún fi ìborùn wé kásẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n súre fún mi, wọ́n sì lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, kásẹ́ẹ̀tì kan láti Èkó tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìgbà náà ni mo tó bi bàbá kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kì í ka kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yà ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tó ń ka méjèèjì ni kí n wá. Kò sí ohun tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì Mummy. Ariwo ẹyẹ yẹn, àdúrà ọkọ wọn ni, ẹ̀rọ mi ló ń sáré kà á. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ọ̀gá, n kò béèrè.

Mo wakọ̀ lọ sílé wọn. "Mummy, kásẹ́ẹ̀tì yẹn dà?"

"Haa, mo ti jù ú nù nígbà tí mò ń palẹ̀ ilé mọ́. Ṣebí ìwọ náà lo ní ó ti bàjẹ́. Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo ní kí n yà kí yín ni."

Wọ́n fún mi ní mọ́ọ̀tì, mo sì mu ún tán.

Ẹ̀rọ tó ń ka méjèèjì ti wà lórí tábìlì mi báyìí. Oníbàárà pọ̀, Mummy ló sì ń rán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá. Ní Sátidé tó kọjá, arábìnrin kan gbé báàgì wá láti Fayetteville. "Mummy ló ní kí n wá," ó ní. "They said ẹ kì í purọ́. Pé kásẹ́ẹ̀tì tiwọn bàjẹ́, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ẹ ò sì gba kọ́bọ̀." Mo ki kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ. Bàbá kan yọ, ohùn rẹ̀ ń dún ketekete, arábìnrin náà sì bú sẹ́kún. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo jáde lọ dúró nínú gáréèjì.

Mo ti pinnu láìmọye ìgbà pé n ó sọ fún Mummy. Lọ́jọ́ Sunday wọ́n á dì mọ́ mi, wọ́n á bi mí bóyá iṣẹ́ ń lọ. Mo máa ń sọ pé ó ń lọ dáadáa.