Àyè Òfìfo Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Igi Mángòrò

Ìgbà tí Ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ tuntun ni èmi àti àwọn aládùúgbò mi ya máàpù àdúgbò wa lẹ́yìn ìlú Kàbà. Ilé ń hù níbẹ̀ láìsí ètò, ṣáláńgá kò tó nǹkan, igbó ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. Inú ìwé àlòkù kan ni mo ti kọ́ máàpù yíyà, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ mi bí oyin. Àgbàlá ilé tí mo háyà ni a ti yà á sórí ilẹ̀: eérú ni ọ̀nà, èkùrọ́ ni ilé, ṣùkù àgbàdo ni kànga. Ṣáláńgá gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga, ìlànà wa nìyẹn.

Àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mángòrò. Gbogbo wa fẹnu kò pé ibẹ̀ ló dára láti gbẹ́ ṣáláńgá sí. Ìyá arúgbó tó ni ilé nìkan ni kò fèsì. Ó kàn ń gbọn eérú kúrò létí aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gba iṣẹ́ gbígbẹ́ ihò rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ihò ti gbé e mì dé orí.

“Òkun o, ẹ̀gbọ́n,” mo kí i bí àwọn ará Kàbà ṣe ń kíni.

“Òkun, ọ̀gá onímáàpù! Ilẹ̀ tí o yàn yìí rọ̀ bí ẹ̀kọ.”

Mo bẹjú wò ó. Ilẹ̀ wa pupa, ó sì le. Èyí dúdú, igi jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá rọ̀ báyìí, ẹnìkan ti gbẹ́ ẹ rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde.”

“Ṣé ejò wà nínú máàpù rẹ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gún ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ dún bí agbè òfìfo.

Mo sáré lọ bá ìyá onílé. “Ìyá, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“A kì í sọ ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀!”

Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. “Kànga ni. Àbúrò mi kú sí i. Wọ́n fi igi bò ó, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ mọ́, kí irú rẹ̀ má bàa padà wá.”

N kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Mo ju okùn tí a fi ń fa yẹ̀pẹ̀ jáde sí i. “Ẹ má bi mí léèrè, ẹ dì í mú!” Àwọn aládùúgbò bá mi fà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan etí ihò ni ìsàlẹ̀ rì, tòun ti ṣọ́bìrì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí omi tó dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ìyá wá sídìí máàpù, ó gbé ṣùkù kan sí àyè òfìfo náà. “Wọ́n ní kí n má sọ ọ́,” ó ní. “Wọn ò ní kí n má gbé e kalẹ̀.”

Nígbà náà ni àwọn àgbà mìíràn dìde, tí àwọn náà ń wá ṣùkù tí wọ́n máa gbé sórí àwọn àyè òfìfo tiwọn. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn ju ti ẹ̀gbẹ́ ihò lọ.