Fọ́tò Aṣọ́lé

Ẹnu géètì iléeṣẹ́ wa n'Ikẹjà ni mo wà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, mò ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọ̀gá yìí?" Mo wẹ̀yìn. Fọ́tò ló gbé sókè. Èmi ni mo wà nínú ẹ̀, mo fò gbalaja, mo na ọwọ́ méjèèjì sí bọ́ọ̀lù, ikùn mi yọ síta lábẹ́ ẹ̀wù. Àkàrà há sí mi lọ́fun.

Ní Sátidé tó ṣáájú, mo gba ìsinmi àìsàn. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, n kò lè bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ tí mò ń tún ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ó máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Àmọ́ òjò kò fẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa l'Ágége ló fẹ́ bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù, àwa ayálégbé kò sì ní aṣọ́lé.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Gbogbo èèyàn ń retí ohun rere, iléeṣẹ́ tiwa sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ka orúkọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fo tèmi. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ àìsàn mọ́ lọ́wọ́ nírú àsìkò yẹn, kó yáa máa di ẹrù ẹ̀.

Onífọ́tò tó wá síbi bọ́ọ̀lù náà ló wá mi dé géètì; bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọn á yà ọ́ láìbéèrè, wọn á wá máa wá ojú rẹ kiri bí ọlọ́pàá kí o lè rà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀."

"Ha, ẹ̀yin gan-an rèé! Ẹ wo bí ẹ ṣe fò bí àṣá!"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti rọ́ dé. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ rèé? Bá mi wá irú ẹ̀ rà!"

Mo fẹ́ já fọ́tò náà gbà, àmọ́ ọwọ́ kan ti mú un. Màdáàmù tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ ni, obìnrin Oǹdó kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wò mí. Wọ́n fi èékánná kan igun ìsàlẹ̀, níbi tí kámẹ́rà ti tẹ ọjọ́ sí ní pupa.

"Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nìyí."

Mo yọjú wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́! Onífọ́tò ti ń la ẹnu, mo yáa fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ìgbà èwe mi ni."

"Ikùn yìí ti wà nígbà náà?"

"Ó wà nínú ìran wa, mà. Ó máa ń tètè yọ."

Wọ́n ki fọ́tò náà bọ àpò, wọ́n wọlé lọ. Onífọ́tò ní láti ìgbà tí òun ti pààrọ̀ bátìrì kámẹ́rà ni òun kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún ọjọ́ ẹ̀ tò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀ ni fọ́tò yẹn fi wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì Màdáàmù. Bí wọ́n bá ní kí n wá gba bàtà iṣẹ́ lásán, màá ti máa ro ibi tí màá ti wá iṣẹ́ míì, bóyá n'Ílúpéjú. Mo ń rìn bí arúgbó nínú iléeṣẹ́, ọwọ́ kan ní ìbàdí. Bí mo bá rí kámẹ́rà níbikíbi, ẹ̀yìn ìyàwó mi ni mò ń sá sí. Nínú àwọn fọ́tò wa ìgbà náà, èjìká mi nìkan lẹ máa rí. Wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́ẹ̀kẹta, tèmi kò sí níbẹ̀, ìyẹn gan-an tún wá dẹ́rù bà mí.

Ní ọjọ́ tí Màdáàmù ń kó ẹrù wọn lọ síbi iṣẹ́ míì, wọ́n pè mí, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n yọ fọ́tò náà jáde.

"Gbà. Onífọ́tò yẹn náà ló ya ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Ọdún tó tẹ̀ sí tiwa, n kò tíì lọ́kọ."

Mo gbà á. "Ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn, mà?"

"Láti ẹnu géètì. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí ọ̀gá pátápátá rí i ni? Ta ni ìbá máa bá wa tún ẹ̀rọ ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín wọn nìyẹn. "Ṣé o tiẹ̀ mú bọ́ọ̀lù ọ̀hún?"

"Rárá, mà. Ó wọlé."