Géètì Olórí Kìnnìún ní Mòwé

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ jókòó. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ó kọ́ ilé oní-fúláàtì mẹ́rin sí Mòwé. Owó ilé yìí ni yóò máa jẹ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kó di ẹni tó ń gbé nílé ọmọ.

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ni ilé náà parí. Àwọn onílé àdúgbò pèpàdé: kí kálukú dáwó, kí wọ́n la gọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí òjò tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Géètì ló fi ìyókù owó rẹ̀ ṣe, géètì gàgàrà tó ní orí kìnnìún méjì.

Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ọ̀nà yìí ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣé ojú ọ̀nà ni wọ́n máa gbé ni? Ẹni tó bá rí géètì yìí á mọ̀ pé èèyàn gidi ló nilé."

Éjẹ́ńtì tó ń bá a wá ayálégbé láti Ìbàfò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹni tó ń lọ Èkó láràárọ̀ kì í wo orí kìnnìún o. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń rò."

"Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre! Ìwọ tó ń gbé yàrá kan, kí lo mọ̀ nípa ilé?"

Ká má purọ́, géètì náà pe èèyàn. Kò pẹ́ tí ilé fi kún. Ìyá ọlọ́mọ kan bi í pé, "Dádì, ìgbà òjò ńkọ́ níbí?"

Ó dáhùn pé, "Omi kì í bá wa jà."

Òjò dé. Ẹ̀bá ilé rẹ̀ ni gọ́tà tí àwọn yòókù là parí sí, ibẹ̀ ló sì ń da gbogbo omi àdúgbò sí. Láàárọ̀, mo fojú mi rí àwọn ayálégbé rẹ̀: bàtà nínú ọ̀rá, ṣòkòtò ní orúnkún, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ yẹn ṣubú tòun tọmọ lẹ́yìn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fọ ọmọ rẹ̀, ó kẹ́rù, ó lọ. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn tó kù náà tẹ̀ lé e.

Bí ẹnìkan bá tún ń bọ̀ wá wo ilé, àwọn ọlọ́kadà ìkóríta á ní, "Ilé kìnnìún? Ẹ wá ọkọ̀ ojú omi wọ̀ o!" Onítọ̀hún á yí padà.

Ó ku ẹ̀gbọ́n mi àti ewúrẹ́ rẹ̀ mélòó kan. Ikán jẹ àjà ilé, kò sówó àtúnṣe, oúnjẹ gan-an di ìṣòro. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Ìfọ̀, ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹ̀gbọ́n mi kàn gbé àpò rẹ̀. Ìfọ̀ náà ló kú sí, nílé ọmọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a pín ogún. Ilé bọ́ sọ́wọ́ àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé ní Arépo. Kò débẹ̀ tó fi tà á. Ọmọbìnrin tó tọ́jú rẹ̀ gba aṣọ òkè rẹ̀. Èmi àbúrò, ewúrẹ́ ni wọ́n fún mi, àwọn tó ti sọ fúláàtì ìsàlẹ̀ di ibùsùn. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé mi báyìí.