Ohun Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́ Kí Àna Gbọ́

"Ṣé ẹnì kan ti ní in rí nínú ìdílé yín?"

Ohun tí dókítà bi ìyá mi nìyẹn, ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Bouaké, ìlú elédè Faransé tí à ń gbé, nígbà tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé jẹjẹrẹ ni kókó tó wà ní ọmú mi òsì. Ìyá mi kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. "Rárá o, dókítà. Ìdílé wa mọ́ tónítóní." Faransé ìyá mi kì í já gaara, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó já gaara.

Mo wò ó. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì ti sin àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ohun tó pa wọ́n ni n kò mọ̀. Tí mo bá bèèrè, yóò ní, "Ọlọ́run ló pè wọ́n." Ó dáa, kí ni Ọlọ́run fi pè wọ́n?

Aránṣọ ni mí, àdúgbò Ahougnansou ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nítorí náà bí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo ṣe ń gbọ́ àlàyé dókítà. Ó ní ara wa kún fún sẹ́ẹ̀lì, ohun tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Bí ọ̀kan bá gbó, òmíràn á pín sí méjì láti rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó pín, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da ìlànà inú rẹ̀ kọ, kí méjèèjì lè ní tiwọn, bí mo ṣe ń da bébà tí mo fi ń gé aṣọ kọ sórí bébà tuntun. Bó bá ṣì í kọ, atúnṣe wà nínú ara tí yóò tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, sẹ́ẹ̀lì náà á kú. Nínú ìdílé mìíràn, atúnṣe yìí ni kò lágbára. Àṣìṣe á wá máa gun orí àṣìṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní dun èèyàn, títí sẹ́ẹ̀lì kan á fi máa pín ṣáá, tí kò ní gbọ́ "ó tó" mọ́.

"A kì í bí àrùn náà mọ́ni," ló wí. "Àìlágbára yẹn ni a lè bí mọ́ni. Ìdí tí mo ṣe ń bèèrè nìyẹn. Ṣé ẹ ní àbúrò obìnrin?"

Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo. Tíṣà ni, ó sì ti rí ọkọ, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Zone industrielle, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà. Àwọn òbí ọmọkùnrin náà ti fẹ́ wá wádìí. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, ibi yòówù ká máa gbé, a kì í fẹ́yàwó láìwádìí ìdílé: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Nítorí wọn ni ìyá mi ṣe ń sọ fún gbogbo ayé pé mo lọ ránṣọ ìgbéyàwó ní ìlú Sakassou. Háà! Èmi tí wọ́n gé lọ́mú, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì!

Nígbà tí mo délé, mo kò ó lójú. "Màmá, kí ló pa Ìyá Àgbà?"

"Panu mọ́. Ta ni yóò fẹ́ àbúrò rẹ tí wọ́n bá gbọ́?"

"Tó bá kú ńkọ́, ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

Ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò mi náà kò gbọ́ tèmi. "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní kò sí nínú ìdílé wa. Kí ni mo fẹ́ lọ wá nílé ìwòsàn?" Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí.

Àwọn àna dé lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ló sọ̀rọ̀. "Ìyá wa, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Ṣé kò sí àrùn kan nínú ìdílé yín?"

"Kò sí o," ni ìyá mi wí.

Mo gbé omi wá fún wọn. Apá mi òsì kọ̀, kò gbé e dúró, omi fẹ́ dà. Àbúrò mi sáré gba àwo náà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ń wo àwa méjèèjì, ó wò wá pẹ́.

"Ẹ dákun," ló wí, "irọ́ ni mo pa. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá mi. Òun náà ló pa àbúrò mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ọmú àkọ́bí mi yìí ni."

Wọ́n mu omi wọn, wọ́n ní àwọn á ránṣẹ́. Títí di òní, a ò rí ìránṣẹ́. Àbúrò mi sunkún títí ojú rẹ̀ wú, kò sì bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó dìde, ó lọ ṣàyẹ̀wò. Wọ́n bá kókó kan ní ọmú rẹ̀, ó kéré débi pé ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Dókítà ní a tètè dé, pé yóò ṣeé wò.

Bí a ṣe jáde, ìyá mi jókòó pẹ̀lẹ̀bẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú ilé ìwòsàn, ó bú sẹ́kún. Mo ṣebí ayọ̀ ni. Mo ní kó dìde, àwọn èèyàn ń wò wá.

"Ìyá mi náà ò sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni," ló wí, "kí èmi lè rọ́kọ fẹ́. Mo rọ́kọ fẹ́. Àbúrò mi ni ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ ṣàyẹ̀wò."